Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-Àjò Orí Kẹ̀kẹ́ Nítorí Àánú

 Ẹni tí ó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé ní ohun púpọ̀ láti rántí. Ìjọ tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún sì ní ohun púpọ̀ láti dúpẹ́ fún. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú wa ti rán wa létí àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún fi lé wa lọ́wọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí a wí ohun tí a mọ̀ nípa àṣà kan tí ó ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, èyíinì ni pé kí ẹgbẹ́ kan gun kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sì fi ìrìn náà kó owó jọ fún àwọn aláìsàn.

Ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́ fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn fi irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sàmì ọdún yìí. Àwọn àgbà kan gbà. Àwọn mìíràn kò gbà. Àwọn tí kò gbà béèrè pé: Bí ó bá jẹ́ pé owó ni a fẹ́ fún aláìsàn, kí ló dé tí a kò fi dá owó náà níbi tí a jókòó sí, kí olúkúlùkù sì padà sí ilé rẹ̀ ní àlàáfíà? Òógùn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kì í wo àìsàn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Kì í ṣe ìbéèrè ahun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀dọ́. A ó gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní ibi mẹ́ta.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò láàárín wa. "Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ ará ìjọ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin àgbà sì ti gbọ́ nípa ìgbà tí katikíìsì àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti abúlé kan dé èkejì, tí wọ́n di ìwé àti ẹrù wọn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, owó ni ó ń mú kẹ̀kẹ́ rìn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí kẹ̀kẹ́ ṣe lè gbé owó rìn, àti bí owó náà ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí láìdín.

Ibi kìíní ni ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ní àríwá Yúróòpù. Ní ọdún 2002, àwọn ènìyàn 11 tí wọ́n ní í ṣe pẹ̀lú Rynkeby Foods, ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe omi èso, pinnu láti gun kẹ̀kẹ́ láti ilẹ̀ wọn lọ sí Páríìsì, olú-ìlú Faransé, kí wọ́n lè wo ọjọ́ ìkẹyìn Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ayé. Wọn kì í ṣe eléré ìje tí a ń sanwó fún. Ènìyàn lásán tí ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ náà àti àwọn tí ó ń tajà fún un ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí wọ́n sì ṣírò owó, wọ́n rí i pé 38,000 kroner, owó ilẹ̀ wọn, ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Owó tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìrìn fàájì kì í pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà bá lọ. Wọn ì bá fi se àsè. Wọn ì bá pín in láàárín ara wọn, ẹnikẹ́ni kì bá sì dá wọn lẹ́bi. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Odense. Láti ọdún náà ni ìrìn náà ti di àṣà ọdọọdún, tí a ń pè ní Team Rynkeby. Ẹgbẹ́ kan di púpọ̀. Ó ràn dé Sweden, Norway àti Finland, ó sì dé Jámánì. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ó ń wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè wọn, tí wọ́n sì ń forí lé Páríìsì nínú oṣù kan náà, ju 2,000 lọ. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà, bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì fi ń rìn ín.

Òfin kan wà láàárín wọn tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn lọ ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ àti aṣọ rẹ̀, òun náà ni yóò sì san owó ìrìn ara rẹ̀. Owó tí àwọn onígbọ̀wọ́ bá dá wá, ti àwọn ọmọdé aláìsàn ni. Bí a bá bi ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ léèrè pé, "Ta ni ó san owó fàájì rẹ?" ó lè dáhùn láìfi ojú palẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rìn pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá gun kẹ̀kẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jà ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá sún mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ó wà níwájú, ẹni iwájú ni yóò gba afẹ́fẹ́ náà sí àyà. Agbára tí ẹni ẹ̀yìn yóò lò yóò sì dín kù, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọ́n a máa tò ní méjìméjì. Àwọn tí ó wà níwájú a ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, wọn a sì yà fún àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Kò sí ẹni tí ó ń wà níwájú títí, kò sì sí ẹni tí ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹni iwájú tí ó bá rí kòtò a nawọ́ sí i, a sì ké. Ẹni kejì a gba igbe náà, títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Bí ẹnìkan bá fa bíréèkì lójijì láìkéde, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣubú lé ara wọn.

Àwọn kan sì wà nínú ẹgbẹ́ tí wọn kò gun kẹ̀kẹ́ rárá: àwọn tí ó ń wa ọkọ̀ ẹrù, àwọn tí ó ń pèsè oúnjẹ, àwọn tí ó ń lẹ táyà tí ó jò, àwọn tí ó ń wẹ ọgbẹ́. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, ẹgbẹ́ kò ní í kọjá ọjọ́ kejì. Ìyára ẹni tí ó lọ́ra jù lọ ni ìyára gbogbo wọn, nítorí pé ìrìn yìí kì í ṣe ìdíje: bí wọ́n ti jọ jáde ni wọ́n ń jọ wọlé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ibi kejì ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan, Billy Starr, ni àrùn jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1980 ó kó àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ jọ, wọ́n jẹ́ 36, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Springfield dé Provincetown ní etí òkun, ìrìn 220 máìlì, ní ọjọ́ méjì. Owó tí wọ́n kó jọ ní ọdún náà jẹ́ 10,200 dọ́là. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Dana-Farber ní ìlú Boston ni wọ́n kó o fún. Orúkọ Sidney Farber wà lára orúkọ ilé ìwòsàn náà nítorí pé òun ni oníṣègùn tí ó kọ ìròyìn jáde ní ọdún 1948 pé oògùn kan lè lé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí ó kù fún àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ju kí wọ́n jókòó tì í lọ.

Ìrìn àwọn ènìyàn 36 yìí kò dáwọ́ dúró. Pan-Mass Challenge ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, àpapọ̀ owó tí ó ti ti ọwọ́ wọn wọ ilé ìwòsàn náà ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. A kò sọ èyí kí ẹnu lè yà yín sí bí owó náà ti pọ̀ tó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé, láti ọdún 2007, gbogbo owó tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá gbà lọ́wọ́ àwọn olùtọrẹ ni ó ń dé ilé ìwòsàn náà, kọ́bọ̀ kan kì í jábọ́ lọ́nà. Owó ìforúkọsílẹ̀ àti ẹ̀bùn àwọn onígbọ̀wọ́ ni a fi ń san ìnáwó ìrìn náà. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ẹni tí ó fi dọ́là kan ránṣẹ́ sí aláìsàn mọ̀ pé dọ́là kan ni aláìsàn gbà.

Ibi kẹta ni Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà kan náà, ìtàn rẹ̀ kò sì dán tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1994 ni ìrìn kan bẹ̀rẹ̀ láti San Francisco dé Los Angeles nítorí àwọn tí àrùn éèdì ń bá jà. Ìrìn ọjọ́ méje ni, ọ̀nà rẹ̀ sì di nǹkan bí 545 máìlì. Ẹ rántí bí nǹkan ti rí ní ìgbà náà. Àpapọ̀ oògùn tí ó ń dá kòkòrò àrùn náà dúró kò tí ì dé. Ọdún 1996 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kú ní ìgbà èwe wọn, àwọn aládùúgbò sì ń sá fún ìsìnkú wọn. Láàárín àwọn tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ náà ni a ti rí àwọn tí kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tìkára wọn, tí wọ́n ń gun òkè pẹ̀lú àwọn tí ara wọn le.

Owó wọlé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìnáwó pọ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kan ni a gbà láti ṣètò ìrìn náà, ìráhùn sì bẹ̀rẹ̀ pé ohun tí ìpolówó àti ètò ń jẹ pọ̀ jù nínú ohun tí a ní kí ó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Kò sí ẹni tí ó lè fi agbọ̀n pọn omi kí ó kún ìkòkò. Níkẹyìn, San Francisco AIDS Foundation àti ẹgbẹ́ kejì tí ó wà ní Los Angeles, tí àwọn méjèèjì ń gba owó náà fún ìtọ́jú aláìsàn, ya ara wọn sọ́tọ̀. Ní ọdún 2002 wọ́n dá ìrìn tiwọn sílẹ̀, AIDS/LifeCycle, kí ètò àti ìṣirò owó lè wà ní ọwọ́ àwọn fúnra wọn. Ìrìn náà ń bẹ lọ́dọọdún títí àrùn Kòrónà fi ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ó ń forúkọ sílẹ̀ dín kù, owó tí a ń ná sì ń lọ sókè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 wọ́n rin ìrìn ìkẹyìn, wọ́n sì pa á tì. Àpapọ̀ owó tí ọ̀nà náà mú wá láti 1994 ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Àwọn kan lè wí pé ó kùnà nítorí pé ó parí. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó pa á tì rí i pé ìrìn náà ti ń jẹ púpọ̀ jù nínú ohun tí ó ń rù, wọ́n sì dúró kí ó tó jẹ ẹ́ tán. Ó dára kí iṣẹ́ àánú kan parí pẹ̀lú ìwé owó tí ó mọ́ ju pé kí ó máa lọ nítorí pé a ti fẹ́ràn ariwo rẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àwọn àgbà: kí ló dé tí a kò fi dá owó náà níbi tí a jókòó sí?

Èkínní, ẹni tí ó jókòó ń fúnni ní ohun tí ó wà nínú àpò ara rẹ̀ nìkan. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń gbé ìbéèrè náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, bá oníbàárà rẹ̀ ní ọjà, bá ọ̀rẹ́ tí kì í bá a wá sí ìpàdé kankan. Ẹ wo àwọn 11 ti Dẹ́nmáàkì. Àpò àwọn ẹlòmíràn ni ìrìn wọn ṣí.

Èkejì, ìmúrasílẹ̀ ìrìn gígùn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó gba oṣù púpọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, aládùúgbò yóò rí ẹni náà lórí kẹ̀kẹ́, yóò sì béèrè pé, "Níbo ni ò ń lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò sì mú orúkọ àrùn náà jáde ní gbangba. Láàárín wa, a ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé ìtìjú ni, ìfarapamọ́ yìí sì ti pa ọmọ púpọ̀ tí oògùn ì bá gbà là.

Ẹ̀kẹta, owó tí a dá lẹ́ẹ̀kan a tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá jọ jìyà ní ojú ọ̀nà a máa fẹ́ tún jáde ní ọdún tí ń bọ̀, aláìsàn tí yóò dé ní ọdún náà yóò sì bá wọn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ rin ìrìn yìí, tí ẹ ó fi owó olùtọrẹ ra kẹ̀kẹ́ tuntun, tí ẹ ó fi rán aṣọ ẹgbẹ́, tí ẹ ó fi sanwó fún onílù àti ayàwòrán, tí ohun tí ó ṣẹ́kù yóò sì jẹ́ ti aláìsàn, àwọn àgbà ni ó jàre. Kí ẹ jókòó sílé, kí ẹ sì dá owó náà.

Àìní tí ó wà níwájú wa kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni jẹjẹrẹ ń mú ní gbogbo ayé. Ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ju 80 lọ nínú 100 tí ń rí ìwòsàn; ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó, wọn kò tó 30. Ọmọ kan náà ni, àrùn kan náà ni. Ibi tí a bí i sí ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 2018 ni Àjọ náà gbé ètò kan kalẹ̀ pé, kí ó tó di ọdún 2030, ó kéré tán 60 nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé kí ó máa yè. Lára ohun tí ń pa àwọn tiwa ni pé a kì í tètè gbé wọn wá, a kì í tètè dá àrùn náà mọ̀, owó oògùn a sì máa tán lọ́wọ́ òbí ní àárín ìtọ́jú, tí wọn yóò gbé ọmọ padà sílé.

Jẹjẹrẹ kan wà tí ó máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé wú ní ìhà tiwa ní Áfíríkà. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń pè é títí di òní. Ó ń yára dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí oògùn ń ṣẹ́gun, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí a sì lò ó parí. Àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá University College ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín ọmọ tí ó yè àti ọmọ tí ó kú, nígbà mìíràn, kò sí ohun mìíràn ju owó oògùn oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún lè dí.

Nítorí náà, bí Ìgbìmọ̀ bá fún àwọn ọ̀dọ́ ní àyè, a bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi nǹkan mẹ́rin dè wọ́n.

Kí olúkúlùkù san owó ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti yẹ̀ wò tó. A kò wá kẹ̀kẹ́ tí yóò dán lójú àwòrán.

Kí a mọ ẹni tí owó náà wà fún kí a tó gbéra, ilé ìwòsàn wo àti ẹ̀ka wo, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn náà, kí a ka ìṣirò náà síta níwájú ìjọ, iye tí ó wọlé, iye tí a ná, àti iye tí a fi lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Kí a tọ́jú ẹ̀mí. Ojú ọ̀nà wa kì í ṣe ti Dẹ́nmáàkì. Kí wọ́n yẹra fún ọ̀nà tí tírélà ń gbà; kí wọ́n jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí ojú bá ti là; kí akoto wà lórí olúkúlùkù, kí ọkọ̀ kan wà níwájú, kí òmíràn sì wà lẹ́yìn. Bí ọyẹ́ bá mú kí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, kí wọ́n dúró. Kò yẹ kí a wá owó ìwòsàn fún ọmọ ẹlòmíràn kí a sì gbé ọmọ tiwa lọ sí ilé ìwòsàn.

Èyí tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ó se oúnjẹ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé owó, ẹ wà lára ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹsẹ̀; àwọn àgbà ni ó mọ ẹni tí a lè béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí a ti ń ṣọ́ ọ.

Ìdájọ́ ọ̀rọ̀ yìí kù sí ọwọ́ yín. Ní ti àwa, bí wọ́n bá gba àwọn nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí, a fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lọ. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì jẹ́ 11, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts jẹ́ 36. A gbàgbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó nínú ilé yìí lónìí ju iye náà lọ.